Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Ọ̀rọ̀ kan ń bí mi nínú. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níhà Ìjùmú fẹ́ ṣe àjọyọ̀ ìparí sáà, wọ́n ní kí ìyá ọmọkùnrin kan fi í sílé lọ́jọ́ náà, torí pé ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ ìrẹsì, wọ́n ń jó. Òun jókòó sílé. "Ààbò rẹ̀ là ń rò," ni wọ́n wí.

Ẹni tí orí ń fọ́, tí a bẹ́ lórí, orí kò ní fọ́ ọ mọ́ lóòótọ́.

Ẹ̀pà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ ló ka ohun tó wà nínú ẹ̀pà sí ọ̀tá, tó gbé ogun dìde sí i. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ètè lè wú, ara lè lé, ọmọ lè máa bì, ọ̀nà ọ̀fun lè há. Sísun àti sísè kò sì lè pa agbára rẹ̀ tán. Ẹ̀pà náà kò mọ sínú ìgò tí wọ́n ń tà létí títì: ó wà nínú kúlíkúlí, ó wà nínú ata tí wọ́n ń bù lé sùyà. Ẹ̀rù àwọn olùkọ́ tọ́.

Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀pà lẹ ní kó dúró sílé ni, àbí ọmọ? Gúgúrú kò lè dùn láìsí ẹ̀pà lọ́jọ́ kan ṣoṣo? Ẹ bi ìyá rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dáná. Kí gbogbo ọmọ fi ọṣẹ àti omi fọwọ́. Sanitáísà kì í mú ẹ̀pà kúrò lọ́wọ́ dáadáa.

Mo mọ ọmọbìnrin kan ní Kàbà tó ní irú ara bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé ọmọ náà kò sunkún ẹ̀pà rí. Ohun tó pa á lẹ́kún ni pé wọ́n máa ń gbé abọ́ tirẹ̀ sórí tábìlì olùkọ́, kó lọ dá jẹun níbẹ̀. Ó délé lọ́jọ́ kan, ó ní, "Màmá, ṣé àrùn mi ń ràn ni?" Ẹni tó yọ ọ́ nínú ìtìjú yẹn kì í ṣe àgbà. Ọmọ tí wọ́n jọ ń jókòó ló pa gàárì òun ẹ̀pà tì fúnra rẹ̀, tó ń gbé iṣu sísè wá kí àwọn méjèèjì lè jọ jẹun. Ọmọdé ló ronú bẹ́ẹ̀ o!

Ibi tó tún burú jù ni ti àwọn tí kò gbà pé nǹkan kan ń ṣe ọmọ. "Gbogbo wa la jẹ ẹ̀pà dàgbà nílẹ̀ Ọ̀kun níbí, ta ló pa?" Wọ́n á yọ́ kúlíkúlí sínú oúnjẹ ọmọ ọlọ́mọ, kí ara rẹ̀ lè mọ́ ọn lára. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Nígbà tí èémí ọmọ bá ń dún bí fèrè, epo pupa lẹ fẹ́ rọ sí i lẹ́nu? Epo kì í ṣí ọ̀nà ọ̀fun. Piriton nìkan kò tó. Abẹ́rẹ́ adirẹnálíìnì, tí wọ́n ń gún sí itan, ni oògùn rẹ̀. Bí kò bá sí nítòsí, ẹ sáré gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Bó bá ti ẹ̀ dà bí ẹni pé ó ti sàn, ẹ ṣì gbé e lọ, torí ó lè padà dé lẹ́yìn wákàtí díẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, mo kí yín, ọ̀kun o. Ẹ mọ orúkọ gbogbo ọmọ tó jẹ yín lówó ilé-ìwé, ẹ ń kà á sétí gbogbo ayé láàárọ̀. Èwo nínú yín ló mọ ọmọ tí oúnjẹ lè pa nínú kíláàsì rẹ̀? Kí sáà tuntun tó wọlé, ẹ pe àwọn òbí, ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọ náà sílẹ̀, ẹ kọ ohun tí ara wọn kọ̀ síwájú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi han ẹni tó ń dáná.