Ẹ̀ṣẹ̀ nìkan kọ́ ló ń pinnu ibi tí ẹlẹ́wọ̀n máa sùn

Bí wọ́n bá gbé ọmọ ẹnìkan kúrò ní kóòtù Májísíréètì ní Iléṣà, tí ó di ọgbà ẹ̀wọ̀n, àwọn ará ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í tu ara wọn nínú: "Ẹ fọkàn balẹ̀, fóònù ló jí, kì í ṣe ènìyàn ló pa. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ jẹ́jẹ́ ni wọ́n máa fi í sí." Ẹlòmíràn á ká ọwọ́ lérí: "Ó ti parí, àárín àwọn apànìyàn ni wọ́n jù ú sí." Èrò kan náà ló bí ọ̀rọ̀ méjèèjì, pé ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kà sí ènìyàn lọ́rùn ló ń yan yàrá fún un. Mo ti gbọ́ ọ ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé dáadáa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èrò náà sì léwu, torí ó ń mú kí ìdílé dákẹ́ nígbà tó yẹ kí wọ́n sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ kóòtù ni láti wádìí ohun tí ènìyàn ṣe. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ní ìbéèrè tirẹ̀: ta ni ẹni tó wọlé yìí lè ṣe léṣe? Ta ló lè ṣe é léṣe? Ṣé ó lè sá lọ? Ṣé ó lè pa ara rẹ̀? Baba ẹni 60 ọdún tó pa ènìyàn níbi ìjà ilẹ̀, tí kò bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà láti ìgbà tó ti dé, lè jẹ́ ẹni tí ọkàn àwọn wọ́dà balẹ̀ sí jù lọ. Ọmọ 20 ọdún tó fọ́ ṣọ́ọ̀bù, tó ti gbìyànjú láti sá ní àgọ́ ọlọ́pàá, tí ìjà kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló yẹ kí ojú wọn wà lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Ọ̀rọ̀ Zahid Mubarek ló máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá gbọ́ "ẹ̀ṣẹ̀ kékeré, yàrá jẹ́jẹ́." Ọmọ ọdún 19 ni. Wọ́n fi í sẹ́wọ̀n 90 ọjọ́ ní Feltham, ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn ọ̀dọ́ ní London, torí pé ó jí abẹ ìfárùngbọ̀n tí gbogbo owó rẹ̀ kò ju nǹkan bíi pọ́ùn mẹ́fà lọ, ó sì tọwọ́ bọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Wọ́n pa á pọ̀ mọ́ ọ̀dọ́ mìíràn tó ń jẹ́ Robert Stewart nínú yàrá kan. Ẹ̀sùn tó gbé Stewart dé ibẹ̀ kì í ṣe ìpànìyàn. Lẹ́tà tó kún fún ìkórìíra ẹ̀yà ni wọ́n ní ó ń kọ ránṣẹ́ sí ènìyàn. Ẹni tó bá fi ẹ̀ṣẹ̀ nìkan wọn àwọn méjèèjì yóò ní kò séwu, kí wọ́n jọ máa gbé. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta, 2000, ní àárọ̀ ọjọ́ gan-an tí Zahid máa lọ sílé, Stewart fi ẹsẹ̀ tábìlì lù ú lórí. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ló kú.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Keith darí gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2006. Ohun tó bani nínú jẹ́ jù níbẹ̀ ni pé àmì ewu ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wà nínú fáìlì, ó wà nínú àwọn lẹ́tà tí Stewart ń kọ, òṣìṣẹ́ kan mọ díẹ̀, òmíràn mọ díẹ̀, ẹni tí yóò kó gbogbo rẹ̀ jọ ni kò sí. Lónìí, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ewu wò kí wọ́n tó jẹ́ kí ènìyàn méjì jọ sun yàrá kan. Òfin kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe ní 2003 lórí ìfipábánilòpọ̀ nínú ẹ̀wọ̀n náà ti bí ìlànà pé láàárín wákàtí 72 tí ẹlẹ́wọ̀n bá dé, kí wọ́n ti mọ̀ bóyá ó lè fipá bá ẹlòmíràn lò, tàbí ẹlòmíràn lè fipá bá a lò.

Nílé wa ńkọ́? Ìlànà Mandela, ìyẹn ìlànà lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n máa ṣe sí ẹlẹ́wọ̀n, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2015, sọ pé kí ọkùnrin àti obìnrin má gbé pọ̀, kí ọmọdé wà lọ́tọ̀ sí àgbà, kí ẹni tí a kò tíì dá lẹ́jọ́ wà lọ́tọ̀ sí ẹni tí a ti dá lẹ́bi. Ẹ wo ti ìkẹyìn yẹn dáadáa. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà ló ṣì ń retí ìdájọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí a ń pè ní "apànìyàn" nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, adájọ́ kankan kò tíì sọ pé wọ́n pa ẹnikẹ́ni.

Ohun mìíràn tún wà tí ìwé ẹ̀sùn kì í sọ, ìyẹn ọ̀tá. Ẹni tó bá rántí ìjà Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́, pàápàá èyí tó wáyé láàárín 1997 sí 2000, yóò mọ̀ pé ènìyàn méjì lè má tíì bá ara wọn pàdé rí kó sì léwu láti tì wọ́n mọ́ yàrá kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí wọ́n jọ jẹ́jọ́, tí ọ̀kan nínú wọn ti gbà láti jẹ́rìí ta ko àwọn yòókù.

Àwọn kan rò pé bí ẹnìkan bá wà nínú ewu, kí wọ́n kàn tì í mọ́ yàrá kan lóun nìkan, ó parí. Ìdánìkanwà bẹ́ẹ̀ máa ń ba ọpọlọ jẹ́. Ìlànà Mandela yẹn kan náà kò gbà kí wọ́n ti ènìyàn mọ́lé lóun nìkan fún wákàtí 22 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́, kó sì kọjá ọjọ́ 15 léraléra.

Mi ò ní tan yín: bí ọgbà bá ti kún àkúnya, gbogbo ìpínsọ́tọ̀ yìí máa ń di ọ̀rọ̀ ẹnu. Ibi tí àyè bá ṣẹ́ kù sí ni wọ́n ń fi ènìyàn sí, olórí sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n bíi tiwọn á sì máa pín ibi ìsùn bó ṣe wù ú, bẹ́ẹ̀ ìlànà àgbáyé kò fẹ́ kí ẹlẹ́wọ̀n kankan ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Òfin iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n wa ti 2019 mọ̀ nípa èyí. Abala 12 ní kí ọ̀gá ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ fi tó adájọ́ àgbà àti àwọn mìíràn létí láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí ọgbà bá ti kún kọjá ìwọ̀n, kí àwọn náà sì wá nǹkan ṣe sí i láàárín oṣù mẹ́ta. Ó tún fún ọ̀gá ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ náà lágbára láti má ṣe gba àwọn ẹlẹ́wọ̀n tuntun. A gbọ́dọ̀ máa béèrè fún èyí.

Ní báyìí, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ìyàwó, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó bá ọ̀ràn dé ẹnu géètì, ẹ má ṣe torí pé ẹ̀sùn kéré kí ẹ dákẹ́. Ẹ sọ àìsàn ẹni yín tí wọ́n tì mọ́lé fún àwọn wọ́dà: wárápá, ìtọ̀ súgà, ikọ́ ife, òògùn tó ń lò. Bó bá ti gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ rí, ẹ má fi bò nítorí ìtìjú. Ẹ sọ ẹni tó ń halẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ ọmọdé tí wọ́n kọ ọjọ́ orí tó jù ú lọ sílẹ̀ fún ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ gbé ìwé ìbí rẹ̀ lọ fún agbẹjọ́rò, kó gbé e dé iwájú adájọ́ kíákíá, torí pé ibi tí òfin fẹ́ kí ọ̀dọ́ wà yàtọ̀. Ilọrin àti Abẹ́òkúta ni ilé ìtọ́jú àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ tó sún mọ́ wa. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ẹ fi ọjọ́ sí i, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́. Bí nǹkan tuntun bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan, ẹ tún kọ òmíràn. Wọ́n lè pààrọ̀ yàrá ẹlẹ́wọ̀n nígbàkigbà tí ewu bá yí padà.