Ọjọ́ A Bá Kú Là Á Dère

Àwọn àgbà ní, "Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè." Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbọ́ nínú òwe yìí ni pé aráyé kì í yin ẹni tó bá ṣì ń mí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ mìíràn wà níbẹ̀ fún ọmọ tí bàbá rere fi sáyé lọ. Ère kì í bínú, ère kì í pani lẹ́rìn-ín, ọ̀kan náà ni agbẹ́gilére sì lè gbẹ́ fún ọgọ́rùn-ún bàbá.

Ẹ gbọ́ ohun tí à ń sọ nídìí òkú: "Ó lawọ́, ó kó èèyàn mọ́ra." Ta ni wọn kì í sọ ọ́ fún? Ahun paraku pàápàá, bó bá ti kú, ó di ọ̀lawọ́. Bí bàbá mi àti ahun bá wá ń pín ìyìn kan náà, wọ́n ti rẹ́ bàbá mi jẹ nìyẹn.

Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá mi, mẹkáníìkì kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé mọ́tò tí nǹkan kan ò ṣe ni Bàbá máa ń gbé wá. Wọ́n á ní kí n yẹ ẹ́ńjìnnì wò, kí n fọ púlọ́ọ̀gì. Wọ́n á sanwó, wọ́n á lọ. Ó pẹ́ kí n tó fura pé wọ́n á ti kọjá láàárọ̀, wọ́n á ti rí i pé ṣe ni mo káwọ́ gbera."

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bí bàbá mi ṣe lawọ́ tó, ìyẹn ni mo máa sọ. Wọ́n fún un lówó, wọn ò sì sọ ọ́ di alágbe.

Ẹ má yọ àléébù kúrò o. Bàbá mi a máa jágbe. Bí o bá lọ tọrọ owó, wọ́n á kọ́kọ́ ka gbogbo ìnáwó ilé sí ọ létí kí wọ́n tó tọwọ́ bàpò. Àwa ọmọ ti mọ̀ ọ́n: bí ariwo bá ti ń ròkè, owó ti ń bọ̀. Bí mo bá yọ ariwo yẹn, bàbá ẹlòmíràn ni mò ń sọ.

"Ọlá àbàtà ní í mú odò ṣàn, ọlá baba ọmọ ní í mú ọmọ yan." Ó dáa, ká yan. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ tí kò mọ ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe gan-an yóò fi yan? Ẹ lọ bá àwọn tó mọ bàbá yín níta: ọmọọṣẹ́ wọn, ayálégbé wọn, ọ̀rẹ́ ìgbà èwe wọn. Bí ẹ bá bèèrè pé irú èèyàn wo ni bàbá yín, ère ni wọ́n á gbé lé yín lọ́wọ́. Ẹ bèèrè ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn àti bàbá yín rí, àti bí wọ́n ṣe parí ẹ̀. Ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù. Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ èwe ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí àwọn ló dàgbà jù.