Èsì wa sí ìràwọ̀ méjì tí ẹ fún kíbọ́ọ̀dù àti ìwé ìdánrawò táìpù

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà, ẹ sì kú ìnáwó lórí ọmọ. Ẹ ṣé tí ẹ fara balẹ̀ kọ gbogbo ohun tó ń bí yín nínú, tí ẹ kò kàn já ìràwọ̀ méjì sílẹ̀ kí ẹ máa lọ.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lẹ́yìn wa: màmá yìí ra kíbọ́ọ̀dù oníwáyà, rọ́bà tí a fi ń bò ó, àti ìwé ìdánrawò, fún ọmọ wọn obìnrin tó wà ní ND1 ní póli, ẹ̀ka Office Technology and Management. Wọ́n ní kíbọ́ọ̀dù náà ti ń gbé lẹ́tà mì, àfi tí ọmọ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ́. Wọ́n ní Shift àti 2 kò gbé @ jáde. Wọ́n ní rọ́bà kò jẹ́ kí ọmọ rí lẹ́tà, pé ìwé náà há a mọ́ ìlà kan ṣoṣo, àti pé ọmọ tó ti ń fi ìka méjì tẹ ọ̀rọ̀ 22 ní ìṣẹ́jú kan tẹ́lẹ̀ ti já wálẹ̀ sí 14, nígbà tí olùkọ́ ń retí 25 kí sáà tó parí.

Ẹ jẹ́ ká mú ti kíbọ́ọ̀dù tó ń gbé lẹ́tà mì ṣáájú. Kíbọ́ọ̀dù tó bàjẹ́ máa ń pa bọ́tìnnì kan, tàbí bọ́tìnnì bíi mélòó kan tó wà nítòsí ara wọn. Kì í sábà sọ gbogbo bọ́tìnnì di ọ̀lẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó ń ṣe bí ẹ ṣe ṣàlàyé yẹn ni Filter Keys, ètò kan nínú Windows tí wọ́n ṣe fún àwọn tí ọwọ́ wọn máa ń gbọ̀n, kí kọ̀ǹpútà má baà ka títẹ̀ tí kò bá pẹ́. Bí èèyàn bá tẹ Shift apá ọ̀tún mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 8, Windows á yọ ìbéèrè síta bóyá kí òun tan ètò náà. Ọmọ tó tẹjú mọ́ ìwé tí ó ń dà kọ kò ní rí ìbéèrè ọ̀hún. Bí ó bá wá tẹ Enter láti bọ́ sí ìlà tuntun, ó ti gbà nìyẹn, láti ìgbà náà ni gbogbo kíbọ́ọ̀dù á sì ti le koko.

Kí ó tẹ Shift ọ̀tún yẹn fún ìṣẹ́jú àáyá 8 lẹ́ẹ̀kan sí i, ètò náà yóò kú. Lẹ́yìn náà, kó wọ Settings, kó lọ sí Accessibility, kó tẹ Keyboard; lórí Windows 10, Ease of Access ni wọ́n kọ síbi tí Accessibility wà. Kó pa Filter Keys níbẹ̀, kó sì pa ọ̀nà àbùjá tí Shift fi ń tan án. Sticky Keys wà nítòsí rẹ̀, òun ni títẹ Shift nígbà márùn-ún léraléra máa ń jí. Kó pa ìyẹn náà.

Kó má baà dà bíi pé ọjà wa nìkan là ń gbè lẹ́yìn: ẹ fa kíbọ́ọ̀dù náà yọ, kí ẹ tì í bọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Bí ó bá ṣì ń gbé lẹ́tà mì níbẹ̀, ẹ gbé e wá, a ó fún yín ní òmíràn láì bèèrè kọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n mà, kí ni ìka ọmọ ń wá lórí Shift fún ìṣẹ́jú àáyá 8? Ohun tó ká wa lára jù nìyẹn, torí ó ń sọ bí ọwọ́ ṣe dúró. Lórí bọ́tìnnì ; ló yẹ kí ìka ọmọńdinrín ọwọ́ ọ̀tún máa gbé. Bí ó bá ti ń sùn lórí Shift, á jẹ́ pé gbogbo ọwọ́ ọ̀tún ti yọ̀ wálẹ̀, J, K àti L kò sì sí lábẹ́ ìka tó ni wọ́n mọ́. Tàbí kó jẹ́ pé Shift ọ̀tún nìkan ló ń lò fún gbogbo lẹ́tà ńlá. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé ọwọ́ kan tẹ lẹ́tà, ọwọ́ kejì tẹ Shift. Bí ó bá fẹ́ tẹ Abeokuta, ọwọ́ òsì ló ni A, nítorí náà ọmọńdinrín ọ̀tún ló máa sọ̀ kalẹ̀ láti orí ; sí Shift, á dúró díẹ̀ títí A á fi jáde, á sì ti padà sílé kí òsì tó kan b. Bí ó bá jẹ́ Lagos, ọ̀tún ló ni L, Shift òsì ló kàn. Kó tẹ orúkọ ìlú méjèèjì yìí ní ogún ìgbà lóòjọ́, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìsáré.

Ti @ yẹn, kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù tí ẹ rà jẹ́ ti ìlànà Amẹ́ríkà: @ wà lórí 2, # wà lórí 3. Láptọ́ọ̀pù ọmọ yín, bíi ọ̀pọ̀ tokunbo tó ń wọlé láti Ìlú Ọba, ni wọ́n ti tò sí ìlànà ti ibẹ̀, níbi tí Shift àti 2 ti ń gbé àmì " jáde, tí Shift àti 3 ń gbé £ jáde, tí @ sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún nítòsí Enter. Kọ̀ǹpútà kì í ka ohun tí wọ́n kọ sára bọ́tìnnì, ohun tí wọ́n tò sínú Windows ló ń tẹ̀ lé. Kí ó fi ìlànà US kún un nínú Settings, níbi Time & Language. Lẹ́yìn ìyẹn, bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú spacebar ló máa fi ń yí láti ọ̀kan sí èkejì.

Kó tó ṣe é, kó kọ́kọ́ yọjú wo kíbọ́ọ̀dù tó wà ní yàrá kọ̀ǹpútà ní póli, torí ibẹ̀ ló ti máa ṣe ìdánwò. Bí Enter ibẹ̀ bá ga tó ìlà méjì, tí Shift òsì sì kúrú, tí bọ́tìnnì \ wà láàárín òun àti Z, ti Ìlú Ọba ni. Èyí ju ọ̀rọ̀ @ lọ. Ọmọ tó bá fi Shift gígùn kọ́ṣẹ́ nílé á máa rí \ lójú ẹ̀rọ lọ́jọ́ ìdánwò ní gbogbo ibi tó yẹ kó tẹ lẹ́tà ńlá, á sì máa rò pé ẹ̀rọ ló ń ṣe òun. Bí ti Ìlú Ọba bá ni wọ́n ń lò, a ní irú rẹ̀, iye kan náà ni, ẹ wá pààrọ̀.

Pé rọ́bà kò jẹ́ kí ọmọ rí lẹ́tà, iṣẹ́ tí a ṣe rọ́bà náà fún nìyẹn mà. Àwọn ìlà kéékèèké tó yọrí lára F àti J ló wà fún ìka ìlábẹ̀ méjèèjì láti fi mọ ilé wọn nínú òkùnkùn. Ojú kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ibi tí a ti gbà fún yín ni pé rọ́bà máa ń fa ìka sẹ́yìn díẹ̀, bí ó bá sì nípọn, ìka kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ F àti J dáadáa lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, kó lò ó fún ìdánrawò lẹ́tà tuntun nìkan, kó ṣí i kúrò tí ó bá fẹ́ wọn ìyára. Bí kò bá fẹ́ràn rẹ̀ rárá, kó gé páálí ìndómí tó fẹ̀ tó 50 sẹ̀ǹtímítà, kó gbé e ka orí ìwé tó ga díẹ̀ lápá méjèèjì kíbọ́ọ̀dù, kó ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Kò sí owó wa nínú ìyẹn.

Ìwé tí ẹ ní ó há a mọ́ ìlà kan: ìlà àárín ni, A S D F fún ọwọ́ òsì, J K L ; fún ọ̀tún. Ìlà yìí ni gbogbo ìka ti ń gbéra, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń padà sí. Ọmọ tó bá fò ó kọjá á mọ ibi tí lẹ́tà wà, ṣùgbọ́n kò ní mọ ibi tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ wà. Kì í sì í ṣe lẹ́tà ṣákálá nìkan ló wà níbẹ̀. Lójú ìwé kejì ni ask, fall, lass, flask àti salad ti bẹ̀rẹ̀, ìlà àárín yẹn nìkan ló sì bí gbogbo wọn. Ẹ tún bèèrè ìdí tí wọ́n fi gbé A, lẹ́tà tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, fún ìka tó kéré jù. Ìlànà tí Christopher Sholes fi to lẹ́tà lórí ẹ̀rọ táìpù rẹ̀ ni, èyí tí iléeṣẹ́ Remington gbé sọ́jà ní 1874, nígbà tí fífi ìka mẹ́wàá táìpù láìwo ọwọ́ kò tíì di àṣà. Ọdún 1888 ni Frank McGurrin, tó ń táìpù láìwo ọwọ́, borí Louis Traub nínú ìdíje ní Cincinnati ní Amẹ́ríkà, tí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀nà náà sí. Lẹ́tà A sì ti wà lábẹ́ ọmọńdinrín nígbà yẹn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ 22 tó di 14. Ẹ má ṣe jẹ́ kó padà sí ìka méjì, ẹ jọ̀ọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó kúrò ní ìka méjì tí ìyára rẹ̀ kì í kọ́kọ́ já, torí ọpọlọ ń wá ọ̀nà tuntun nígbà tí ọwọ́ ti mọ ti àtijọ́ dunjú. Ẹni tó bá ń fi mẹ́wàá kọ́ṣẹ́ ní kíláàsì tó sì ń fi méjì tẹ iṣẹ́ àṣetiléwá ló ń pẹ́ jù lẹ́nu rẹ̀. Mẹ́wàá náà ni kó fi tẹ gbogbo rẹ̀, títí kan WhatsApp lórí láptọ́ọ̀pù.

Ẹ wò ó báyìí. Nínú ìdánwò ìyára, títẹ̀ 5 ni wọ́n ń kà sí ọ̀rọ̀ kan, wọ́n sì ń ka àyè àti àmì pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ 25 ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ títẹ̀ 125, ìyẹn méjì péré ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Kò sí eré nínú ìyẹn. Ibi tí àkókò ń gbà lọ ni ojú tó ń sọ̀ kalẹ̀ wo ọwọ́, tó tún ń wá ibi tó kà dé lórí ìwé, àti Backspace, bọ́tìnnì tí a fi ń pa àṣìtẹ̀ rẹ́. Àṣìtẹ̀ kan, bí ó bá tètè rí i, á gba Backspace kan àti títẹ̀ mìíràn, yàtọ̀ sí pé ọwọ́ dúró. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn lẹ́tà márùn-ún ló rí i, títẹ̀ 12 ló sọnù, ọ̀rọ̀ méjì ti lọ.

Nítorí náà, kó gbé aago sílẹ̀ ná. Ogún ìṣẹ́jú láàárọ̀ àti ogún lálẹ́ sàn ju wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé lọ. Kó fi ìṣẹ́jú méjì tọ́ ìka lórí ìlà àárín, kó lo mẹ́wàá lórí lẹ́tà tó ń ṣe é níṣẹ́, kó wá da ìpínrọ̀ kan kọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún ìyókù, láìfọwọ́ kan Backspace rárá. Bí àṣìtẹ̀ bá lé ní méjì nínú títẹ̀ 100, ó ń sáré jù, kó dín in kù. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó fún wíwọn ìyára.

Lẹ́tà tó ń ṣe wọ́n níṣẹ́ kì í sábà ṣe èyí tí wọ́n rò. Ẹ dúró tì í nígbà tó bá ń tẹ because. Ọwọ́ òsì ló ni gbogbo rẹ̀ àyàfi u. Ìka ìlábẹ̀ òsì tẹ b, ìka àárín gòkè tẹ e, ìka àárín kan náà ló gbọ́dọ̀ já láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ tẹ c. Níbí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jí iṣẹ́ gbé, tí wọ́n á fi ìka ìlábẹ̀ gba c. Lójú wọn, ó yá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìka ìlábẹ̀ bá ti lọ sí c, gbogbo ọwọ́ ti yí sí òsì, lẹ́tà a tó tẹ̀ lé e á sì di Caps Lock, ni ìyókù ọ̀rọ̀ á bá di lẹ́tà ńlá. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ bíi becUSE lójú ẹ̀rọ rẹ̀, ohun tó fà á nìyẹn. P náà rí bẹ́ẹ̀ lápá ọ̀tún: ọmọńdinrín ló ni ín, ìka òrùka ló máa ń jí i gbé.

Ẹ tún wo ibi tó ń jókòó sí. Tábìlì oúnjẹ ga jù fún àga oníke. Ìrọ̀rí kan lábẹ́ ìdí á mú ìgbọ̀nwọ́ bá kíbọ́ọ̀dù dọ́gba, bí ẹsẹ̀ kò bá kan ilẹ̀ mọ́, kó fi nǹkan tì í. Ẹsẹ̀ kékeré méjì tó wà lẹ́yìn kíbọ́ọ̀dù, kó pa wọ́n dé, wọ́n ń tẹ ọrùn ọwọ́ sókè. Lórí bẹ́ẹ̀dì, rárá o.

A kò ní kí ẹ yí ìràwọ̀ méjì yín padà. Bí ẹ bá ń bọ̀ wá pààrọ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé yín, kó gbé láptọ́ọ̀pù dání, kí ẹ mú rìsíìtì lọ́wọ́. A ó wo Filter Keys yẹn níwájú yín, a ó sì jẹ́ kó tẹ kíbọ́ọ̀dù méjèèjì wò kó tó yan èyí tó máa gbé lọ.