Ṣé macaw tó kún inú àgò ni kò ní jẹ́ kó parun?

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, fídíò ẹyẹ macaw ń lọ lórí fóònù ẹnì kan. Ẹ̀gbọ́n kan bá já lu ọ̀rọ̀: "Èwo ni wọ́n ń pariwo pé ó fẹ́ parun? Ó kún ilé àwọn olówó! Kí wọ́n ṣílẹ̀kùn àgò fún un, ó parí." Ó tó ẹ̀ẹ̀mẹta tí mo gbọ́ eléyìí lóṣù yìí. Ó ti sú mi.

Macaw ọlọ́fun búlúù ni wọ́n ń wò, ìbátan odídẹrẹ́ wa. Pápá Moxos ní Beni, lórílẹ̀-èdè Bòlífíà, nìkan ló ń gbé láyé. Òótọ́ ni pé ti inú àgò pọ̀ ju ti inú igbó lọ, nítorí ti inú igbó kò tó 500. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò tó ń kó wọn tà ló fà á, kí Bòlífíà tó fòfin de kíkó ẹyẹ láàyè lọ sókè òkun lọ́dún 1984.

Ká tiẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ibo ni wọn ó bà sí? Èso ọ̀pẹ motacú ni wọ́n ń jẹ, inú ihò ara ọ̀pẹ tó ti kú ni wọ́n ń yé sí. Ilẹ̀ yẹn ti di ilẹ̀ màlúù. Àwọn darandaran ń sun koríko lọ́dọọdún kí tútù lè hù, iná a jó ọmọ ọ̀pẹ, màlúù a tẹ ìyókù mọ́lẹ̀. Àgbà ọ̀pẹ ń wó, kò sí èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Armonía, àjọ tó ń dáàbò bo ẹyẹ ní Bòlífíà, fi ra ilẹ̀ Barba Azul fún wọn lọ́dún 2008, tí wọ́n sì ń so àpótí onípákó mọ́ igi kí ẹyẹ lè ríbi yé sí. Bí àgò bá tó, kí ni wọ́n ń ra ilẹ̀ sí?

Ẹ tún wo macaw Spix ní Bahia, ní Brasil. Ọdún 2000 ni èyí tó kù nínú igbó pòórá, àwọn olùsìn sì ní tiwọn lọ́wọ́. Ó di 2022 kí mẹ́jọ àkọ́kọ́ tó padà sí igbó Curaçá ní Bahia náà, wọ́n sì ní láti da mẹ́jọ maracanã, ẹyẹ ìgbẹ́ tó mọ ibẹ̀, mọ́ wọn. Mo gbà, láìsí ti ọwọ́ olùsìn, ti Spix ì bá ti tán pátápátá. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá onílé wa ní odídẹrẹ́ kan nígbà tí mo wà ní kékeré. Ọmọ kan gbàgbé ilẹ̀kùn àgò ní ṣíṣí, ẹyẹ fò bà sórí igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. Máńgòrò pọ́n yí i ká, kò fẹnu kan ọ̀kan. Ó ń pe ìyá mi, "Ìyá Ṣadé, ẹ wá o!", títí òjò fi dé. Ìdí igi náà la ti bá a láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyẹ́ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀.