Ejẹ́ǹtì Tó Ní Ẹni Nínú

(Pálọ̀. Ìdílé Tóbi ti kọ̀wé láti lọ máa gbé ní Kánádà nípasẹ̀ ètò Express Entry, wọ́n ń retí èsì. Àga ò sí níbẹ̀ mọ́, Bàbá Tóbi ti tà á. Orí àpótí ìrìn-àjò ló jókòó lé, fóònù lọ́wọ́.)

BÀBÁ TÓBI: Ìyá Tóbi! Ó ti yí o! Déètì tó wà lójú àkáǹtì tí a fi ń wo fáìlì Kánádà wa ti yí! Àná ló ń sọ báyìí!

ÌYÁ TÓBI: Lẹ́tà kankan wọlé?

BÀBÁ TÓBI: Rárá.

ÌYÁ TÓBI: Ọ̀rọ̀ background check, ìwádìí tí wọ́n ń ṣe nípa wa, ńkọ́?

BÀBÁ TÓBI: "In progress" ṣì ni.

ÌYÁ TÓBI: Á jẹ́ pé kò tíì sí nǹkan kan. Ẹnì kan lè ṣí fáìlì kó tún pa á dé. Kọ̀ǹpútà sì lè yí déètì fúnra ẹ̀. Ẹ fi fóònù yẹn sílẹ̀ kí ẹ wá jẹun.

EJẸ́ǸTÌ (ó wọlé, kò tiẹ̀ kanlẹ̀kùn): Èmi ni o! Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn! Ẹni mi nínú ọ́fíìsì wọn ló fọwọ́ kan fáìlì yín lánàá.

BÀBÁ TÓBI: Háà! Ẹ ṣé o, ọ̀gá! Mo mọ̀!

ÌYÁ TÓBI: Ẹ káàárọ̀, sà. Níbo lẹni yín wà?

EJẸ́ǸTÌ: Ní Sydney. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba irú fáìlì yín wọlé.

ÌYÁ TÓBI: Òótọ́ ni, Sydney ni.

EJẸ́ǸTÌ: Ẹ gbọ́? Owó tíkẹ́ẹ̀tì Ọsirélíà ló kù tí ẹ máa fún mi báyìí, kí n lọ bá a lójúkojú.

ÌYÁ TÓBI: Sydney ti Nova Scotia ni, sà. Kánádà níbẹ̀ náà wà.

EJẸ́ǸTÌ: Ṣebí… Ọsirélíà ni wọ́n máa ń gbà kọjá.

MÀMÁ (ìyá Bàbá Tóbi, látinú yàrá): Àkànbí ọmọ mi, ṣé ẹ ti yà sí Ọsirélíà ni? Kánádà ni mo ní kí wọ́n bá wa fi sádùúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì o!

EJẸ́ǸTÌ: Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n dá. Ọjọ́ tó bá pé gééré, físà á jáde. Tí kò bá jáde, owó tí ẹni mi fi ń ti fáìlì ni kò tíì pé.

ÌYÁ TÓBI: Ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún fáìlì ni wọ́n ní àwọn fẹ́ máa parí láàárín oṣù mẹ́fà. Wọn ò búra fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ti gbé ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta, ìwádìí tiẹ̀ lè pẹ́. Ẹni tí lẹ́tà ibiṣẹ́ ẹ̀ ò sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, wákàtí tó ń lò lọ́sẹ̀ àti owó oṣù ẹ̀, wọ́n lè pe ọ̀gá ẹ̀. Bàbá Tóbi, ọ̀gá yín àtijọ́ ṣì ń gbé fóònù?

BÀBÁ TÓBI: Mo jẹ ẹ́ lówó díẹ̀.

ÌYÁ TÓBI: Ẹ lọ san án lónìí.

EJẸ́ǸTÌ: Ìyẹn kéré. Ti oyún yìí ló wà nílẹ̀. Ìyá Tóbi, ẹ má sọ fún wọn o! Ẹ bí i, ẹ gbé e fún Màmá, tẹ́ ẹ bá débẹ̀ tán, ẹ ó pè é wá. Ẹni mi nínú ló sọ bẹ́ẹ̀.

ÌYÁ TÓBI: Ẹni yín nínú ò tíì ka òfin ìwọ̀lú wọn, ẹsẹ 117(9)(d). Ọmọ tí a ò dárúkọ ẹ̀ kí a tó wọlé, tí wọn ò sì yẹ̀ ẹ́ wò, òfin yẹn lè má jẹ́ ká fi ẹ̀tọ́ ẹbí pè é wá láéláé. Tí mo bá ti bí i, webform, fọ́ọ̀mù wọn tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, la máa fi sọ fún wọn. Ìwé ìbí ẹ̀, páàsìpọ́ọ̀tù ẹ̀, fọ́tò ẹ̀, àyẹ̀wò ara ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló máa wọ fáìlì.

MÀMÁ: Ta ló tiẹ̀ ní màá gba ọmọ? Ẹ̀yìn mi ń dùn mí o.

ÌYÁ TÓBI: Owó tó gbọ́dọ̀ wà ní báńkì náà máa pọ̀ sí i. Nínú àtẹ wọn ti 2025, ẹni mẹ́ta, 23,360 dọ́là Kánádà. Ẹni mẹ́rin, 28,362.

EJẸ́ǸTÌ: Ìyàtọ̀ 5,002 péré! Màá yá yín fọ́sẹ̀ méjì. Ẹ fi sí àkáǹtì, ẹ gba lẹ́tà, ẹ dá a padà fún mi pẹ̀lú èlé.

BÀBÁ TÓBI: Ìyẹn dáa o!

ÌYÁ TÓBI: Kò dáa. Lẹ́tà báńkì máa sọ ọjọ́ tí a ṣí àkáǹtì, gbèsè tó wà lọ́rùn wa, àti àròpín owó tó wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Owó tó balẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n á bi wá ibi tó ti wá. Owó àyálò, wọn kì í kà á. Tí wọ́n bá wá mú wa pé a purọ́, ọdún márùn-ún gbáko.

MÀMÁ: Ẹ̀wọ̀n?!

ÌYÁ TÓBI: Rárá, mà. A ò ní lè wọ Kánádà fún ọdún márùn-ún ni. Bàbá Tóbi á kàn wà lórí àpótí yẹn.

BÀBÁ TÓBI: Mo tiẹ̀ ti ta bẹ́ẹ̀dì náà. Wọ́n ń bọ̀ wá gbé e lọ́la.

ÌYÁ TÓBI: Bẹ́ẹ̀dì tí mo fẹ́ bímọ sí?! Ẹ pè wọ́n! Àyẹ̀wò ara wa, oṣù méjìlá ló ń lò, ọjọ́ tí dókítà yẹ̀ wá wò ni wọ́n sì ti ń kà á. Tí fáìlì bá pẹ́ ju ìyẹn lọ, a lè tún un ṣe. Orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ fẹ́ ká sùn dìgbà yẹn?

EJẸ́ǸTÌ: Ìyá Tóbi, ẹ ti mọ̀wé jù. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ iṣẹ́ ṣe é.

ÌYÁ TÓBI: Ó dáa, sà. Nọ́ńbà yín dà?

EJẸ́ǸTÌ: Ti WhatsApp?

ÌYÁ TÓBI: Ti ìwé àṣẹ. Agbaninímọ̀ràn tí Kánádà fún láṣẹ, orúkọ ẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn, ìyẹn àjọ tó ń fún wọn níwèé àṣẹ. Lẹ́tà R ló sì ń bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà ẹ̀. Tó bá ń ṣojú wa, orúkọ ẹ̀ á wà nínú fọ́ọ̀mù IMM 5476. Mi ò rí tiyín níbẹ̀.

EJẸ́ǸTÌ: R? Tèmi náà fi R bẹ̀rẹ̀.

ÌYÁ TÓBI: Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ.

EJẸ́ǸTÌ: Ràṣídì.

BÀBÁ TÓBI: Ọ̀gá, owó tí mo fún yín lóṣù tó kọjá dà?

EJẸ́ǸTÌ: Ó ti dé ọwọ́ ẹni mi. Ẹ jẹ́ kí n sáré pè é níta, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa níbí.

(Ó jáde. Kò pẹ́, ó yọrí padà lẹ́nu ọ̀nà, ohùn ẹ̀ ti rọlẹ̀.)

EJẸ́ǸTÌ: Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Tóbi… webform tí ẹ sọ yẹn, ibo ni wọ́n ti ń rí i? Ìyàwó mi bí ìbejì lóṣù tó kọjá. Ẹni mi nínú ní kí n má sọ.

MÀMÁ: Ìbejì kẹ̀! Ẹ kú oríire o. Àròpín oṣù mẹ́fà yín ńkọ́?