Àtúnṣe: Ìda kì í pa ooru inú fóònù
Ẹni tí ó kọ̀wé pé bí a bá ti fi ìda sí ara ọpọlọ fóònù (ẹ̀yà kékeré inú rẹ̀ tí ó ń ṣe ìṣirò), ooru yóò parẹ́, a ó sì lè ta géèmù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣi ọ̀rọ̀ náà gbé. Ìda kì í pa ooru. Ńṣe ni ó ń gbà á pamọ́ bí ó ti ń yọ́, gẹ́gẹ́ bí òrí inú ike ṣe ń yọ́ lọ́sàn-án tí ó sì ń dì padà lóru. Gíráàmù ìda kan a máa gba nǹkan bíi júùlù 200 (júùlù ni a fi ń wọn ooru) kí ó tó yọ́ tán. Nítorí náà, bí gíráàmù 10 bá wà nínú fóònù (èyí kò sì kéré fún ohun tí a ń kì bọ àpò), tí ọpọlọ rẹ̀ sì ń mú ooru wáàtì 4 jáde (ìyẹn júùlù 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan), ìda náà yóò yọ́ tán ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 8. Lẹ́yìn náà, fóònù yóò tún máa gbóná sí i, àfi bí a bá fi í sílẹ̀ kí ìda lè tú ooru rẹ̀ dànù, kí ó sì dì. Iṣẹ́ ráńpẹ́ tí ó gba agbára púpọ̀ ni ó wúlò fún. Ìda kì í sì í tètè gbé ooru kọjá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń po gíráfáìtì, ohun dúdú inú pẹ́ńsùlù tí ó ń tètè gbé ooru kọjá, mọ́ ọn.