Ìkòkò ràgàjì kọ́ ni òdòdó tó ti kún ìkòkò rẹ̀ ń wá

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún àwọn ènìyàn mọ́ pé kí wọ́n gbé òdòdó inú ilé tó ti kún ìkòkò rẹ̀ bámú sínú èyí tó tóbi jù lọ "kó lè ráyè dàgbà". Ohun tó ń pa á gan-an nìyẹn. Gbòǹgbò tí òdòdó náà ní kò lè fa gbogbo omi inú erùpẹ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Erùpẹ̀ á tutù fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, afẹ́fẹ́ ò ní wọlé, gbòǹgbò á sì jẹrà. Ìkòkò oníhò tó fi sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ ti tó. Òkúta tí ẹ tún máa ń ní kí wọ́n kó sísàlẹ̀ ìkòkò kò mú kí omi jò dáadáa. Ńṣe ló ń gbé ibi tí omi ń dúró sí súnmọ́ gbòǹgbò.

Tí ẹ ò bá fẹ́ kó tóbi sí i, ẹ pín in. Peace lily, òdòdó inú ilé tó máa ń yọ ìtànná funfun, rọrùn láti pín: ẹ fi ọ̀bẹ mímọ́ là á, kí ìdì kọ̀ọ̀kan ní ewé àti gbòǹgbò tirẹ̀. Ewé lè kọ́kọ́ rọ. Ẹ má torí ìyẹn máa da omi lù ú.